Bẹ́árìn Ọwọ́ Òsì

Mo máa ń fọ́nnu. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kó bá mi. Ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ájégúnlẹ̀, kò sí ẹni tí mi ò tíì sọ fún pé láti ọjọ́ tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mi ò ba bẹ́árìn kránkì kankan jẹ́ rí. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi á ní, "Ọ̀gá, you too dey yarn," èmi á sì máa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ sì ni mò ń sọ nígbà náà.

Kránkì ni irin tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì máṣíìnì, ìyẹn ọ̀kadà. Bẹ́árìn méjì ló gbé e dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀kan bá ti ń kú, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bí eré bá sì ṣe ń le sí i ni kíkùn náà á máa pọ̀ sí i.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń fi máṣíìnì kó ìwé ẹrù fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà l'Ékòó. Pẹ̀lú bí tírélà ṣe dí ọ̀nà pa, ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé òun tètè ti Àpápá dé Tin Can, Bàbá ló máa pè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n gbé máṣíìnì wọn wá bá mi, wọ́n ní ó ń kùn.

Mo tú u. Mo di etí kránkì mú, mo gbé e sókè, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń mì. Kò yẹ kó mì rárá. Mo fi ìka yí bẹ́árìn ọ̀tún, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ti òsì ṣì ń yí geere, àmọ́ òun náà ti ń mì díẹ̀. Méjèèjì la máa ń pààrọ̀ pọ̀, torí náà mo ra tuntun méjì.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé: wàá fi iná mú kí ìkarahun ẹ́ńjìnnì gbóná títí ilé bẹ́árìn á fi gbòòrò díẹ̀, wàá sì ti mú kí bẹ́árìn fúnra rẹ̀ tutù nini kó lè súnkì. Á wọlé jẹ́jẹ́, o ò ní fi hámà kàn án. Fíríìsà ìyá oní-píọ̀-wọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa ń kó bẹ́árìn sí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti tó ọjọ́ méjì tí wọ́n ti mú iná lọ, fíríìsà ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó gbọ́n á dúró. Èmi ò dúró. Ti ọ̀tún fi wàhálà wọlé. Ti òsì wọ́, ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá pè pé ṣé mo ti ṣe tán, wọ́n ń retí ìwé ní Tin Can. Ara mi kì í gba sùúrù, inú sì ti ń bí mi sí irin yẹn. Mo mú hámà, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ ọ nígbà tó dún kẹ́. Nígbà tí mo yí i, ó ń há níbì kan náà, léraléra. Mo ti bà á jẹ́.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bẹ́árìn, ó ti tilẹ̀kùn, ó lọ síbi ìsìnkú. Ohun tó kù ò ju kí n sọ fún Bàbá pé, "Ẹ máa bọ̀ lọ́la, mo ba ọ̀kan jẹ́." Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, mi ò lè sọ ọ́. Èmi tí mi ò ba bẹ́árìn jẹ́ rí! Mo bá yọ èyí tí mo bà jẹ́ kúrò, mo gbé ògbólógbòó bẹ́árìn òsì padà sí ipò rẹ̀, mo sì dé ẹ́ńjìnnì.

Àmọ́ ní ìdí iṣẹ́ wa, a kì í da ẹ̀yà tí a yọ nù kí oní-nǹkan tó fojú rí i. Mẹkáníìkì tí kò bá lè fi ògbólógbòó hàn, olè ni wọ́n á pè é. Mo wo inú páànù tí mo ń da àlòkù sí, mo ṣa bẹ́árìn kan tó ti dípata, mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi ọ́ìlì ra á, mo sì gbé e ti ti ọ̀tún. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí wọn wò. Wọ́n ní, "Háà, àwọn wọ̀nyí ti kú. Ọlọ́run á bá mi pọ́n ọ lé. O ṣiṣẹ́ bí ọmọlúàbí." Mo ṣàmín. Mo ṣàmín sí i, kò sì há mi lọ́fun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bẹ́árìn òsì fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ́ńjìnnì gan mọ́ Bàbá lábẹ́ lẹ́nu ọ̀nà Tin Can, ó sì sọ wọ́n mọ́lẹ̀ níwájú tírélà. Dírẹ́bà tẹ búréèkì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn ló kán.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó wọn gbé máṣíìnì náà wá. Kí ìyá tó jókòó, mo ti fa ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde. Ọ́ìlì yẹn pé, ó sì mọ́. Mo ṣí i, mo rí ohun tí mo ti mọ̀ pé mo máa rí. Ìyá ní, "Kí ló ṣe é?" Mo ní, "Ọ́ìlì ni, Mà. Ó jọ pé Bàbá gbàgbé láti da ọ́ìlì sí i." Ẹ̀rù ò bà mí rárá nígbà tí mo sọ ọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí báyìí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá san, a tún ń pàdé níbi ìrun kékeré tó wà ní àdúgbò wa. Bàbá ló máa ń ṣíwájú ìrun Alásárì fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti padà, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń dúró sí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

Wọ́n ní, "Mo rántí dáadáa pé mo da ọ́ìlì sí máṣíìnì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rántí bí ó ṣe kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ìwọ wá ṣí i, o ní kò sí ọ́ìlì, ìwọ kì í sì í purọ́. Bí ìgbàgbé ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá tó bí mi nìyẹn. Kẹ́yìn, wọn ò mọ̀ wá mọ́. Bí orí mi bá lè purọ́ ọ́ìlì fún mi, ta ló máa jẹ́rìí pé ráká mẹ́rin ni mo kí fún yín, pé kì í ṣe mẹ́ta? Mi ò lè ru ìrun ẹlòmíì sọ́rùn."

Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Odindi oṣù mẹ́rin. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò bá mi o, èmi ni mo lọ mú un wá, mo sì pẹ́. Ohun tó lé mi lọ síbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí a kírun tán, Bàbá yọ ìwé pélébé kan nínú àpò. Wọ́n ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà síbẹ̀: mo lo oògùn, mo pa iná sítóòfù, mo kí Àìlà. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti kí Alásárì. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọn ò béèrè bẹ́árìn. Wọn ò béèrè ẹsẹ̀ wọn tó kán. Wọ́n ní, "Ọ́ìlì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ó pé?"

"Ó pé, ó sì mọ́."

Wọ́n tún béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ fún ìyàwó àwọn, kí n sì padà wá sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó ń kírun níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Mo ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi kí n tó lọ sọ́jà." Ní ọjọ́ kejì, mo dìde láàárín àwọn tí a jọ ń kírun, mo sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

Bàbá ti padà síwájú báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ọwọ́ pè mí. Wọ́n ní, "Dúró sẹ́yìn mi gangan. Bí mo bá ṣì í, sọ Sùbúháná-lláhì kí n gbọ́." Ibẹ̀ ni mò ń dúró sí láti ọjọ́ náà, wọn ò sì tíì ṣì í rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó lẹ́yìn ráká kejì, àti lẹ́yìn ìkẹrin, wọ́n máa ń dúró díẹ̀. Wọn kì í dúró bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn mi ni wọ́n ń dúró dè. Èmi á dákẹ́, wọ́n á wá jókòó.