Yìnyín Tó Padà Wá

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bàbá tó bí mi pàápàá kò kọ́kọ́ gbà. Lánàá, yìnyín ń rọ́ lu páànù ilé mi ní Ouagadougou, òórùn erùpẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn gbà mí nímú, mo sì padà di ọmọ ọdún mẹ́fà ní àdúgbò Tampouy.

Lọ́dún náà, ọ̀sán kan gbóná débi pé adìẹ ń mí helehele. Lójijì eruku bo ojú ọ̀run, òjò dé, nǹkan funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́nún-pọ́nún ní àgbàlá.

Ìyá àgbà pariwo láti inú yàrá: "Máńgòrò ló ń já! Wọlé!"

Mo he yìnyín tó tóbi jù sínú abọ́, mo dé e, kí Bàbá lè rí i tí wọ́n bá ti ọjà Sankaryaré dé.

Bàbá ṣí abọ́. "Omi nìyí, òpùrọ́."

"Yìnyín ni tẹ́lẹ̀, Bàbá!"

"Máńgòrò ni," Ìyá àgbà jẹ́rìí.

Ẹkún ni mo sun sùn. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo sọ pé ọ̀nì wà nínú àmù wa.

Láàárọ̀, Bàbá ti mọ́sáláṣí dé, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Bàbá ò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn gbé abọ́ mi kalẹ̀, yìnyín ńlá sì wà nínú rẹ̀.

"Voilà, wò ó, tìẹ ti padà dé."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó rántí pé àpá ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta omi dídì hàn lára rẹ̀.

Mo gbé e, mo sáré lọ fi kan Ìyá àgbà lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ gba máńgòrò yín!"