Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́jọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, mo pa irọ́ kan tó pa ọmọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ìtàn ìgbà èwe mi, ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbálùmọ̀ àti odò ni mo fẹ́ sọ. Mo jẹ àgbálùmọ̀, mo wẹ̀ lódò, ṣùgbọ́n èyí ni mo máa ń rántí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìyá bàbá mi ló sì ń darí agboolé wa. Ìyé la ń pè é. Òun ló ń gbẹ̀bí àwọn ìyàwó ilé, ohun tó bá sì ti wí, abẹ gé e. Nínú àwọn ọdún 1970 ni ìyàwó àbúrò bàbá mi bí ọmọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀. Ìmùṣin ni wọ́n ti fẹ́ obìnrin náà wá. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kò sì dárí ẹ̀rín náà jì í. Wọ́n ní obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń fi pa mọ́. N kò ní purọ́ mọ́ Ìyé ṣá, ó bọ́ ọ dáadáa nínú oyún. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lónìí, ẹ̀fọ́ ṣọkọ lọ́la, ìkọ́kọrẹ́ tí epo pupa bò mọ́lẹ̀. Kò fi oúnjẹ ṣahun.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bí ọmọ náà, a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí ìjọba. Ó ti gbọ́ pé a bímọ, ó sì ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀. Ìyé kórìíra abẹ́rẹ́. Ọmọ kan ní agboolé wa ti gba abẹ́rẹ́ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rọ, ta ló fẹ́ bá Ìyé jiyàn lórí ìyẹn? Ìyàwó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun gbà á. Ìyé ní kó panu mọ́, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn, ó sì ní kí n lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyá àti ọmọ ti lọ sí Ìmùṣin. Mo lọ sọ ọ́. Mo tiẹ̀ fi kún un pé mọ́tò pupa ló wá gbé wọn, nítorí mo fẹ́ràn kí irọ́ mi lẹ́wà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Tí wọ́n bá ti dé, ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá mi. Abẹ́rẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun máa dà."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Ìyé fún mi ní ẹran ńlá kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ìwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó fi han Ìyé. Ìyé fi àdín pa á, ó ní ẹni tó ń bí àkọ́bí kì í mọ ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Ní ọjọ́ kẹjọ, a sọ ọmọ lórúkọ láàárọ̀, wọ́n sì pe olóólà kó wá dá abẹ́ fún un, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe méjèèjì nílé wa. Gbogbo ọmọ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Olóólà á ṣẹ́ ìdí ìgbín, á ro omi rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ á dá. Lọ́jọ́ yìí, ó ro ti ìgbín kìíní, ó ro ti ìkejì, ó ro ti ìkẹta. Ẹ̀jẹ̀ ń ti abẹ́ omi ìgbín jáde, ó ń rin aṣọ.

Olóólà dìde, ó nu ọwọ́. Ó ní, "Ọwọ́ mi kọ́ o. Ẹ bi ìyá ọmọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn nílé wa ni pé tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ omi ìgbín, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ilé. Kí ìyá rẹ̀ dárúkọ ọkùnrin tó ni ín, ẹ̀jẹ̀ á dá. Mọ́tò àbúrò bàbá mi wà níwájú ilé, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde kò sì jìn. Ìyàwó wà lórí eékún.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ṣé ọsibítù ló mọ bàbá ọmọ ni? Jẹ́wọ́!"

Ọkọ rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dání, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n bi ìyàwó títí oòrùn fi mú. Nígbà tó rí i pé wọn kò ní í gbéra, tí ọmọ náà kò sì lè ké mọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ṣe é. Ó dárúkọ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Títí dòní, mo gbà pé ojú ẹsẹ̀ ló hun ún. Gbogbo wa wá yíjú sí ọmọ náà, à ń retí kí ẹ̀jẹ̀ dá. Èmi náà ń retí. Kò dá. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣáná sí mọ́tò, ọwọ́ ọmọ náà ti tutù, wọn kò sì tíì jáde ní abúlé tó fi kú.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé ìyá rẹ̀ jáde. Omi ọyàn ti rin bùbá rẹ̀ gbindin. Àwọn àgbà kọ́ àwa ọmọdé lórin èébú kan, a sì kọ ọ́ tẹ̀ lé e títí dé ojú títì. Mo gbé ohùn sókè. Ohùn mi dára nígbà yẹn.

Mo dàgbà, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ wa kọ fítámì E àti fítámì K sójú pátákó. Ó ní ọ̀rá ni àwọn méjèèjì ń bá wọnú ara. E, tó pọ̀ nínú epo pupa àti ẹ̀pà, ló ń dáàbò bo ara kó má tètè bàjẹ́, bí Ìyé ṣe ń fi epo pa àdá kó má dípẹtà. K, tó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù, ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Àgbàlagbà ń rí i jẹ, ìfun rẹ̀ náà sì ń ṣe díẹ̀. Ọmọ tuntun kò ní in tó. Ìyá rẹ̀ ìbáà jẹ ẹ̀fọ́ oko tán, díẹ̀ ló ń kọjá sí ọmọ nínú oyún, díẹ̀ náà ló sì wà nínú omi ọyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un lábẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti bí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń ka ọjọ́ sórí ìka: ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kẹjọ.

Ìyé wà láyé nígbà náà, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ obìnrin náà sì wà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá máa sọ ọ́, láti orí irọ́ mi ni mo ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí. Àwọn méjèèjì kú, mo sun ẹkún, mo tún jẹun níbi òkú. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó wá obìnrin náà lọ sí Ìmùṣin. Ó ti hewú. Kò lọ́kọ mọ́, ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́? Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Kò sunkún. Ó ní, "Èmi lo wá ń sọ fún? Èmi ti mọ̀ tipẹ́ pé n kò ṣe é. Lọ sọ fún wọn."

Mo lọ sí ìpàdé ẹbí. Mo ṣàlàyé fítámì K fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́. Ìbátan mi kan tí a jọ kọrin lọ́jọ́ náà wá bi mí pé, "Ọ̀rọ̀ fítámì yé wa, nọ́ọ̀sì. Ṣé fítámì náà ló jẹ́wọ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá sí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí olóólà ní abúlé wa mọ́, kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí lágboolé wa báyìí tí kò gba abẹ́rẹ́. Lóṣù tó kọjá, ìbátan mi yìí gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sílé mi, ó ní kí n bá òun yẹ káàdì rẹ̀ wò, bóyá ó ti gba ti fítámì K. Ẹ̀rù ń bà á. Mo wò ó, mo ní ó ti gbà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní obìnrin Ìmùṣin yẹn ńkọ́, ṣé kò yẹ kí a lọ bẹ̀ ẹ́?

Ó gbé ọmọ náà sáyà. Ó ní, "Alágbèrè yẹn? Kò tíì kú ni?"