Àmì Àwọn Tó Gbẹ́ Òkúta Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Òórùn òkúta tútù ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń tún ṣe ní àdúgbò Jamaica, ní Queens nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni wàá wá gbọ́ òórùn àbẹ́là, ti òróró tí mo fi ń nu ìjókòó, àti ti ẹ̀wù òtútù tí yìnyín ti rin. Níta, bọ́ọ̀sì ń pariwo, àwọn èèyàn ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin E, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, ariwo tán. Òkúta lásán ni gbogbo ògiri rẹ̀. Àwọn òpó rẹ̀ ga, wọ́n ya ẹ̀ka lókè bí igi ìrókò, àwọn fèrèsé gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn ṣóńṣó, gíláàsì aláràbarà sì wà nínú wọn. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ láyé àwọn bàbá ńlá wọn. Nígbà tí wọ́n kó kúrò ládùúgbò, àwọn ará erékùṣù Karibíánì gbà á. Nígbà tí àwọn náà dín kù, àwa Yorùbá kún un. Orúkọ àwọn ọlọ́lá tó ní kí wọ́n kọ́ ọ wà lára idẹ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo máa ń dan idẹ náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Nítòsí ilẹ̀, lára àwọn òpó, mo máa ń rí ìlà kéékèèké: ọfà, àgbélébùú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ohun kan bí ẹsẹ̀ adìẹ. Mo rò pé àwọn ọmọ aláìgbọràn ló fi ìṣó ha á. Lọ́jọ́ kan mo fi kànìnkànìn onírin bo ọ̀kan, mò ń ha á kíkankíkan, ni bàbá ará Barbados tó ń ṣọ́ ilé náà bá kígbe mọ́ mi: "Dáwọ́ dúró, ọmọ! Orúkọ èèyàn lò ń bó yẹn!"

Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ òkúta náà ló ní àmì tirẹ̀, kí ọ̀gá lè mọ iṣẹ́ ẹni tó dára àti iṣẹ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n dá padà. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè kọ orúkọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Prámárì fáìfù ni èmi náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ ilẹ̀, mo máa ń kí wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ adìẹ ni mo fẹ́ràn jù. Òkúta tó bá ti ní àmì tirẹ̀, abẹ kò lè wọ àárín òun àti èkejì rẹ̀.

Bàbá yẹn fẹ̀yìn tì, ó padà sílé wọn. Kò pẹ́ ni àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì sún mọ́, àṣà wa sì ni pé ọdún kì í dé kí ilé má gba ọ̀dà. Ìgbìmọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, èmi ń gbé tíì kiri.

Bàbá Ìjọ ní, "Ògiri yẹn ti dúdú jù. Ó dà bí ilé tí wọn ò kọ́ parí. Àlejò ń bọ̀, ọjọ́ Sátidé ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún."

Ìyá Ìjọ ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọ̀ wàrà la rà. Funfun máa ń tètè dọ̀tí."

Mo gbé àwo tíì kalẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tó mọ̀ nípa àwọn àmì náà. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má kùn ún."

Akọ̀wé la ẹnu. "Háà! Ó máa ń sọ̀rọ̀? Mo ti rò pé tíì nìkan ni wọ́n fi rán an wá sáyé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ ní, "Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣé òkùnkùn lo fẹ́ràn ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, mo nàka sí ìhà ibi tí àwọn òpó wà. Ohun tó jáde kò ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, sà."

Wọ́n tẹ̀lé mi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun. Mo pa iná òkè, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára òkúta. Tí o bá tan iná sí i lójú gan-an, o ò ní rí i dáadáa. Àmì náà yọ kedere bí ilà ojú. Mo lọ sí òpó kejì, mo lọ sí ìkẹta, bí ọwọ́ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu mi ń là, títí mo fi sọ gbogbo ohun tí bàbá Barbados sọ fún mi.

Bàbá Ìjọ lóṣòó díẹ̀díẹ̀, ó ti ìka bọ inú ẹsẹ̀ adìẹ yẹn. "Bíríkìlà ni bàbá mi," ó ní. "Ó kọ́ ilé ìwé, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò síbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí." Ó wo àwọn yòókù. "Àwa náà la wá fẹ́ pa ti bàbá oníbàbá rẹ́."

Ìyá Ìjọ ní, "Ọ̀dà tí a ti rà ńkọ́?"

Bàbá Ìjọ ní, "Kí wọ́n fi kun kíṣìnnì."

Kò sí kíṣìnnì tó ń dán tó tiwa ní gbogbo Queens dòní.

Akọ̀wé tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá fi pẹ́ńsù ya àwọn àmì náà sínú ìwé ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yà á dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó tún ẹsẹ̀ adìẹ yà. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, èmi ni wọ́n ní kí n mú àwọn àlejò káàkiri. Mo mú wọn dé ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣe é dópin. Mo wá rí i pé ìtàn ilé kò sí lọ́wọ́ ẹni tó kàwé nìkan. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi mí, màá ní mò ń tún ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe ní Jamaica. Nísinsìnyí, ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mò ń pè é, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀ mọ́.