Nígbà Tí Màmá Òṣú Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Dúró Kí Ènìyàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ la fi ń lọ oko, ẹsẹ̀ náà la sì fi ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ní ìdílé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó rántí òórùn kòkó tí a sá sórí ẹní, àti omi dídùn tí à ń fà mu lára kóró rẹ̀ nígbà tí a bá ń là á. Gbogbo ìsinmi ilé-ìwé ni wọ́n máa ń kó wa láti Òṣogbo lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Màmá Òṣú ni à ń pè é, nítorí ẹ̀bá Òṣú ni abúlé rẹ̀ wà.

Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n rìn. Apẹ̀rẹ̀ kòkó á wà lórí rẹ̀, obì á wà lẹ́nu rẹ̀, ìtàn á máa jáde lẹ́nu kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dẹ̀. Àwa ọmọ á máa sáré tẹ̀lé e, bọ̀ọ̀lì ọwọ́ wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ẹ̀bi kan tí àwọn ará abúlé ń rí sí i ni pé kì í dúró kí ènìyàn. "Ẹ kú ulé o," ni yóò fi ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ké láti ojú ọ̀nà, á béèrè ìyàwó, ọmọ àti ewúrẹ́, kí onílé sì tó dáhùn tán, ó ti kọjá lọ. Àwa ọmọ ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn, tí à ń kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ fún àgbà tó ti bínú. Bí a kò bá kúnlẹ̀, wọ́n á fẹjọ́ wa sùn, Màmá Òṣú fúnra rẹ̀ á sì ní kí a kúnlẹ̀ kí a na ọwọ́ sókè títí wọn yóò fi gúnyán tán. Mo gbà nígbà náà pé kò sí ìrẹ́jẹ tó tó ìyẹn láyé.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ dúró kí ẹnu tó dáhùn. Bí àwa náà bá bi í ní ìbéèrè lọ́nà oko, á dúró, á dáhùn, á ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé ẹsẹ̀. Inú abúlé dùn. Wọ́n ní ó ti wá mọ iyì ènìyàn. Bàbá kan tó ti yàn án lódì nítorí ìkíni gbé obì wá láti fi parí ìjà. Inú tèmi dùn ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí mo ti lè bá a rìn láìsáré. Nígbà tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ tún kúrú, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀, a ní orúnkún ni, a fi òrí pa á. Orúnkún ń dán, àmọ́ kò pẹ́ tí ó fi ń fi orúkọ màámi pè mí, tí ó sì sọnù lójú ọ̀nà oko tí òun fúnra rẹ̀ fi hàn wá. Kò sí ẹni tó so ìdúró yẹn mọ́ ìgbàgbé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nísinsìnyí, màámi ń bá mi gbé ní Dàda Estate, ní Òṣogbo. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n òkété tèmi yìí ṣì ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ó jogún ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, a ra ọjà ní Old Garage, a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a ń rìn wọlé, mo bá bi í irú ẹja tó fẹ́ jẹ. Ó dúró. Ó ronú, ó ní pánlá, ó tún ń lọ. Mo bi í ní ìbéèrè mìíràn, ó tún dúró. Mo rántí Màmá Òṣú lójú ọ̀nà oko.

Mo mú un lọ rí dókítà. Dókítà ní kí ó rìn lọ rìn bọ̀, lẹ́yìn náà kí ó tún rìn, kí ó máa dárúkọ oúnjẹ bí ó ti ń lọ. Màámi bi í léèrè bóyá ebi ń pa á ni. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé pé ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ń dínkù, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn lẹ́ẹ̀kan náà lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìrìn sì lè kọ́kọ́ yí padà kí ìgbàgbé tó hàn. Ó ní kì í ṣe gbogbo àgbà tó ń falẹ̀ ló ń gbàgbé, ṣùgbọ́n ti màámi ti ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní náà ń ba ọpọlọ jẹ́, ó fún un ní oògùn rẹ̀, ó ní kí ó máa rìn lójoojúmọ́, kò sì ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láyé ìjọ́un, à ń bá àgbà rìn, a rí ohun tó ń ṣe wọ́n, a kò kàn mọ̀ ọ́n ni. Lóde òní, dókítà mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọ̀kadà ló ń gbé ìyá, mọ́tò ló ń gbé ọmọ, ta ni yóò rí ìrìn ẹnikẹ́ni? Ìdí nìyẹn tí èmi àti màámi fi ń rìn yí àdúgbò ká ní ìrọ̀lẹ́. Lánàá, ó dúró láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan.

"Bí ó bá dé ọjọ́ tí n kò mọ̀ ẹ́ mọ́ ńkọ́?"

"Èmi á ṣì mọ̀ yín, Màámi."

Ó mi orí, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, pé èmi gan-an ni mò ń falẹ̀.