Ìpín tí A Kì í Dá Padà

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń so mí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ táwọn nọ́ọ̀sì ń lò dùn ún gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní mo wá gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ méjì bọ̀ lápá òsì, tí rọ́bà kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ sínú ẹ̀rọ tó ń fọ̀ ọ́, tí òmíràn ń gbé e bọ̀, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láìfún mi ní nótíìsì. Kó tó di pé wọ́n já mi jù sílẹ̀, fọ́klíìfùtì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ni mo ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton lẹ́bàá Toronto, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ẹrù tí mi ò lè gbé. Ní báyìí, wọ́n ń wọn omi mímu fún mi bí ọmọ ọwọ́.

Ti ọjọ́ Jímọ̀ ló ká mi lára jù. Nígbà táwọn ẹgbẹ́ mi bá ń tò sí sàfù ní mọ́sálásí, èmi á wà lórí àga, màá máa wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí láti ojú fèrèsé. Àga náà rọ̀ o, ó ń nà, ó ń ká. Ẹni tó bá rò pé ohun tó rọ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n, kó wá jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán láìmi apá. Ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa, kò sì sí ìgbà tí kì í kìlọ̀ fún mi.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi apá yẹn o. Tí ẹ bá ti move báyìí, machine máa pariwo, èmi ni wọ́n sì máa query."

Èèyàn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́wọ́ òsì ni bàbá kan láti Kòríà, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Newmarket, níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, sìgá àti lọ́tìrì. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni màmá kan láti òkè pátápátá ní Aláskà, níbi tí ilẹ̀ parí sí tí òkun dídì bẹ̀rẹ̀. Inupiat ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ará Kánádà ló mú un wá sí Toronto nígbà tí àìsàn náà dé. Lọ́kàn mi, mo sọ wọ́n ní Bàbá Kòríà àti Màmá Aláskà, kò sì pẹ́ tí mo fi to àwọn méjèèjì sí ipò wọn: ọ̀kan olówó, èkejì tálákà.

Ohun tí mo rí ni mo fi dájọ́. Bàbá Kòríà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé lókè ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ kan jẹ́ lọ́yà, èkejì ń po oògùn. Màmá Aláskà, ẹ̀wù òtútù kan náà ló ń wọ̀ ṣáá, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún mi pé kò sí igi kan ṣoṣo ní abúlé àwọn, títì kan kò wọ ibẹ̀ láti ìlú mìíràn, ọkọ̀ òfuurufú ló ń kó mílíìkì wá, iye tí wọ́n sì ń tà á máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó pa á lẹ́kún. Mo káàánú rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń gbé èèyàn dé irú ibẹ̀ yẹn.

Kò pẹ́ tí ìdájọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Bàbá Kòríà kì í sùn lórí àga tirẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú kámẹ́rà: ìyàwó rẹ̀ nìkan lẹ́yìn káńtà, oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, ó ní àwọn ò tíì tì í lọ́sàn-án rí àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ àwọn. Àwọn ọmọ tí ṣọ́ọ̀bù náà rán níléèwé ò sì fẹ́ fojú kàn án mọ́. Wọ́n ń gbé ní condo láàárín ìlú, wọ́n ń fi àwòrán oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, káńtà á gbà á.

Màmá Aláskà ní epo rọ̀bì wà nílẹ̀ àwọn. Owó epo ló kọ́ iléèwé, òun ló fa omi wọlé, ilé iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà, tó ń pín èrè fún wọn. Epo yẹn kan náà sì ń bà wọ́n lẹ́rù, nítorí òkun ni oko wọn. Kò bo ìyókù mọ́ mi lára: iṣẹ́ ò pọ̀, ilé ò tó, ọtí ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tó ń dá jẹun níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ọdẹ kan bá pa àbùùbùtán, ẹran omi tó tóbi ju ilé lọ, gbogbo ìlú ló máa fa okùn rẹ̀, gbogbo ìlú ló sì máa gba ìpín, títí kan opó, arúgbó àti àlejò tó dé láàárọ̀ yẹn. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú jẹ́ olórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ àbúrò ọkọ náà ló sì jogún ọkọ̀ ọ̀hún.

"A ò tòṣì," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀rọ yìí nìkan la ò ní."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lábúlé wọn, ó sì ń fẹ́ lọ sílé nígbà tí yìnyín orí òkun bá là, tí àbùùbùtán ń kọjá. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, díẹ̀ ló kù fún un láyé. Gbogbo àwa tó wà nínú yàrá náà la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́ jáde. Ọmọ rẹ̀ ti fárígá pé òun ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ikú fún ìyá òun.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí Màmá ṣe ń jókòó. Èmi á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, màá máa wo aago, màá máa fi èdè Ìbàdàn bú ẹ̀rọ. Òun á dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa mu yìnyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tan òùngbẹ wa jẹ, á ní yìnyín Toronto ò ládùn. Mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ. Bí olórí ọkọ̀ bá wà lórí yìnyín, ìyàwó rẹ̀ nílé kì í sáré, kì í jà, kì í di ẹnikẹ́ni sínú. Bí ó bá ṣe ṣe jẹ́ẹ́ tó ni ẹran náà á ṣe jẹ́ẹ́ tó, ọ̀dọ̀ ẹni tó lawọ́ ló sì máa ń wá fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò wọ̀ mí létí.

Láàárín ìgbà òtútù, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ìpín Màmá nínú àbùùbùtán ránṣẹ́ sí i láti ilé. Màmá gé e, ó fi nylon wé e, ó mú ọ̀kan wá fún Bàbá Kòríà, ó mú ọ̀kan wá fún mi. Awọ dúdú ni, ọ̀rá funfun tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀. Maktak ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì ní ká rọra jẹ ẹ́. Èmi pe àlùfáà wa lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ó tọ́ sí mùsùlùmí. Ó ní ohun tó bá ti inú òkun wá kò ní wàhálà, ó wá béèrè bóyá màá bù díẹ̀ wá fún òun. Mo fi ata rodo sè é. Ọmọ mi obìnrin tọ́ ọ wò, ó ní, "Daddy, it tastes like the sea," ló bá tún bù sí i.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé mo kí Màmá pé ẹ ṣé ti ọjọ́ sí. Lọ́jọ́rú mo tún dúpẹ́, mo ní ẹran náà wọ̀ wá lára. Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí i tó ń yọ nylon mìíràn nínú báàgì rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí alágbe ò jẹ́ kó sinmi. Ó rò pé mò ń tọrọ sí i ni. Ojú tì mí débi pé mo gbà á.

Ti Bàbá Kòríà burú ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí ó gba tirẹ̀, wọn ò tíì so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ará ilé wa lèyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún dé, páálí èso péà ló gbé wọlé, èyí tí wọ́n fi bébà wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀bùn ọba, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màmá. Màmá wò ó títí.

"Ṣé mo tà á fún ọ ni?" ló bi í.

Bàbá ò mọ ohun tí òun ṣe. Ó ní nílé àwọn, ẹni tó bá dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo ti tẹ́. Màmá ní òun ò fún un ní abọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo wà láàárín, ẹ̀rọ ń kùn lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ ń kùn lósì, mi ò sì lè dìde kúrò láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Kòríà bá mi sọ ìdí rẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí òun àti ìyàwó òun dé ìlú yìí, kò sí báńkì tó wo ojú àwọn. Àwọn ará ìlú wọn ló dá àjọ, owó àjọ ni wọ́n sì fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mo mọ àjọ, òun la fi ń kọ́lé nílé wa. Ó ní ẹni tó bá gbà tí kò dá padà, kì í ṣe òun nìkan ló bàjẹ́, ìran rẹ̀ ni. Mo wá rí i pé dídá padà ló gbé àwọn èèyàn rẹ̀ dúró nílẹ̀ àjèjì, òun náà ló sì dì í mọ́ káńtà títí di ọjọ́ ogbó.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà láìdá padà," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi."

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Òtútù ti ń dínkù, wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe nílé, ó sì ní kò yẹ kí òun di èèyàn sínú nírú àsìkò yìí. Ó ní kí Bàbá má bínú. Ó là á yé wa pé ìpín kì í ṣe ọjà, a kì í dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fúnni. Iwájú là ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní. Bàbá Kòríà mi orí pé òun ti gbọ́. Nígbà tó tún máa dé, kimchi ìyàwó rẹ̀ ló gbé wá fún Màmá nínú ike, kábéèjì tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sọ di kíkan, nọ́ọ̀sì sì gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí iyọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Màmá sọ fún wa pé àwọn ará ilé ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òun. Ọmọ rẹ̀ ti gbà, tẹkúntẹkún.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sílẹ̀, pé kí ni ọmọ tó bí máa wá ṣe. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìwọ ńkọ́?" ó ní. "Ìgbà wo lo dé ilé kẹ́yìn?"

Ìyá mi wà ní Ìbàdàn, ojú rẹ̀ ti ṣú, ohùn mi lórí fóònù nìkan ló fi ń dá mi mọ̀. Ẹ̀rọ wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń sanwó rẹ̀ lápò ara wọn, mo sì mọ bó ṣe ń parí fún wọn. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, kò sì bà á. Mo jowú rẹ̀, bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń jowú ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn náà já sí.

Ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan láti ìlú Courtice ti wà lórí àga rẹ̀. Àìsàn náà ṣì jẹ́ tuntun lára rẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni tó rí ejò. Àga kì í ṣófo níbẹ̀. Bàbá Kòríà gbé fóònù rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí koríko ti hù, ọmọ Màmá wá bá wa, ó gbé kúlà kan dání. Ó ròyìn pé Màmá délé, wọ́n gbé e jókòó sójú fèrèsé, kò sáré, kò jà. Ọkọ̀ ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ pa ẹran. Màmá gbọ́ ariwo ayọ̀ ìlú, wọ́n fi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa pín in, ó ní kí wọ́n má gbàgbé àwọn méjì tó wà lórí àga ní Toronto. Lẹ́yìn náà ló sùn, kò jí mọ́.

Ọmọ náà fún wa ní tiwa. Ẹ ṣé wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ǹ bá tún kí lọ́jọ́ kejì ti lọ. Bàbá Kòríà na ọwọ́ kan gba tirẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì pé ẹ̀rọ ti gba ọwọ́ kejì.

Lọ́jọ́rú, ó gé ìpín rẹ̀ sí méjì, ó kó ààbọ̀ fún ọkùnrin Courtice. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lákòókò tí ìmáàmù máa ń gun mínbárì, ọkùnrin Courtice na báàgì ápù kan kọjá iwájú mi sí i, ó ní kó gbà á fún ti ẹran ọjọ́ sí. Bàbá wo báàgì náà títí.

"Ṣé mo tà á fún ọ ni?" ó ní.

Ó da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń sunkún níwájú gbogbo wa. Mo yíjú sí i, mo na ọwọ́ òsì mi láti fi kan èjìká rẹ̀, ni ẹ̀rọ mi bá figbe ta. Nọ́ọ̀sì sáré dé.

"Uncle, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má mi apá yẹn."

Mo ní kó má bínú. Mo gbé apá náà padà sórí ìrọ̀rí, mo sì sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, apá ọ̀hún ò ní lọ síbì kankan.