Ẹyẹ Tí Kì í Gúnlẹ̀ Lójú Èèyàn

Ìdílé Àǹtí Huria ti wà létíkun wa kí ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Isabella Grey tó fọ́ sórí àpáta. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó wọ omi lọ fa òkú jáde. Títí dòní, Àǹtí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdí egungun ọkọ̀ náà tó yọrí nínú iyanrìn. Tapu ni wọ́n ń pè é lédè wọn, èèwọ̀ ni, nítorí àwọn tó kú síbẹ̀. Mo ti rí i tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lé àlùfáà wa kúrò níbẹ̀. Àlùfáà sì sáré.

Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n hoiho ló ń ṣọ́, ẹyẹ péńgúìnì tí ojú rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè yẹn. Bí hoiho bá ti rí èèyàn kan ṣoṣo lórí iyanrìn, kò ní gúnlẹ̀. Á padà sínú agbami, ọmọ rẹ̀ á sùn lébi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Àǹtí ti ń bẹ èèyàn kúrò létíkun nírọ̀lẹ́, nínú òjò, nínú atẹ́gùn tó ń gé etí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni àdúrà, mi ò lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lóṣù Kìíní tó kọjá, ìtẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Kìnnìún òkun, ẹran omi tó ń pa ẹyẹ jẹ, ti pa bàbá àwọn ọmọ méjì inú rẹ̀. Ìyá wọn sì ti wà lókun láti ìjẹta. Èmi àti Àǹtí wà nínú ahéré pákó tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, la bá rí orí ẹyẹ náà láàárín ìgbì. Ó ń bọ̀. Àfi bí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ tó ń fi pátákó gun ìgbì ṣe jáde sórí iyanrìn nínú aṣọ rọ́bà dúdú. Omi ti kún, ó ti bo ọ̀nà abẹ́ àpáta tí wọn ì bá gbà lọ. Ọ̀nà kan tó kù, ti ẹyẹ náà ni.

Àǹtí sáré bá wọn, mo tẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fara pamọ́! Ẹyẹ yẹn ń wò yín."

Brodie, onírun pupa inú wọn, ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. A máa dùbúlẹ̀ síbí. Kò ní rí wa."

"Wo ara rẹ. O dúdú, o tóbi, ò ń dán, o wá nà gbalaja sórí iyanrìn. Kí lo jọ?"

Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Kìnnìún òkun! Brodie, o tiẹ̀ ń hanrun bíi tiẹ̀."

Àǹtí ní, "Òun náà ló pa ọkọ ẹyẹ yẹn. Ṣé kó wá bá mẹ́jọ lẹ́nu ọ̀nà ni?"

"Ká bọ́ aṣọ náà ńkọ́?" Brodie béèrè.

Èmi ni mo dáhùn: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Orí ẹyẹ náà ti ń yí padà sí agbami. Àǹtí wo òkun, ó wo egungun ọkọ̀, ibì kan ṣoṣo tó lè bo èèyàn mẹ́wàá. Ó ṣí fìlà. Ó lọ gbé ọwọ́ lé igi rẹ̀, ó pe àwọn òkú náà lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ bá wa gbà wọ́n díẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa la tìtorí ẹ̀ wá." Mo ṣe àmín.

"Ó yá, ẹ wọlé. Ẹ má jẹun, ẹ má gbé ìdí lé igi, ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Bíi ilé ìwé," Brodie ń kùn.

"Pa ẹnu dé."

A há ara wa mọ́ ibẹ̀. Èmi ò sì kéré. Ó pẹ́ kí ìgbì tó da ẹyẹ náà sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ara, ó wo ọ̀tún wo òsì bí obìnrin tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá ń rìn kánmọ́kánmọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wọ inú koríko lọ. Kò pẹ́, ariwo àwọn ọmọ ẹyẹ náà sọ. Ọmọbìnrin yẹn ń sunkún.

Nígbà tí a jáde, Àǹtí da omi sí gbogbo wa lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe bí a bá kúrò nídìí òkú.

"Ẹ ti wọ ibẹ̀ báyìí, ẹ kì í ṣe àlejò mọ́," ó ní. "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ẹ wá bá mi ṣọ́ ẹyẹ náà."

Mẹ́fà ló wá.