Ó Ti Kàn Án Rí

Ọdún mẹ́fà ni Ameenat fi gbé ilé wa ní Ailegun, "Ìyàwó" lásán là ń pè é. Gbogbo obìnrin yòókù ló ní ọmọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n: Ìyá Khàlíl, Ìyá Jennifer, àti Ìyá Ọláyanjú tó ni ilé. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ilé, òun ló máa ń din pọfupọ́ọ̀fù, òun náà ló máa ń fọ ìkòkò. Kò ráhùn rí. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní ọjà Aswani, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò sì lè máa wu ẹni tó ń wá ọmọ í tà lójoojúmọ́.

Nítorí náà, nígbà tó bí ọkùnrin lóṣù kejì ọdún yìí, mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣìnnì, mo sáré lọ kí i. Mi ò tíì jókòó tó fi sọ fún mi pé, "Àǹtí Fọlákẹ́, mo ti mú orúkọ o. Súnkànmí. Ó ti wá kàn mí báyìí, jàre." Mísbáù, ọkọ rẹ̀ tó ń jórin ní Bọ́ládé, ti ní Abdulhameed ni Àáfà máa pè é, Súnkànmí ni orúkọ tí ìyá fẹ́ fún un. Mo ní kò sí orúkọ tó tún bá a mu ju ìyẹn lọ. Ẹnu mi yá jù.

Ìyá Mísbáù ti Ìsẹ́yìn dé lọ́jọ́ kẹta láti wá máa wẹ ọmọ. Èmi kì í ṣe olófòófó, ṣùgbọ́n pátákó ló pín yàrá mi àti tiwọn. Bí wọ́n bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń ṣe "pẹ̀lẹ́". Láàárọ̀ ọjọ́ keje, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí màmá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú omi: "Ìdòwú, rọra. Ìdòwú mi, pẹ̀lẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀," Ameenat ní. "Wọ́n á gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́ kí ni? Ṣé mo jí orúkọ ni?"

"Súnkànmí là ń pè é, Màmá."

Ariwo omi dáwọ́ dúró. "Súnkànmí kẹ̀? Ó ti kàn ẹ́ rí. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló kàn ẹ́."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì ni Ìdòwú? A kì í yàn án. Ọmọ ló ń mú un bọ̀ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìbejì wo? Ibi tí mo dúró sí náà ni mo ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n tó kó wá sí Èkó, Ameenat ti bí obìnrin méjì ní Ìsẹ́yìn, oṣù wọn kò pé. Wọ́n sọ wọ́n ní Hassanat àti Husainat lọ́jọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kọkànlá ni méjèèjì lọ, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì kí oòrùn tó wọ̀.

Ameenat ti ń sunkún. "Wọ́n á máa ṣàánú mi, Màmá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ yìí, wọ́n á bi mí pé àwọn ìbejì dà. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ látorí eléyìí."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," màmá fèsì. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọwọ́ mi yìí ló wẹ àwọn méjèèjì. Ṣé kí n wá sọ pé n ò wẹ ẹnikẹ́ni ni? Ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i. Ohun tó o bá pè é lọ́la, òun ni n óò máa pè é."

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Inú tún bí mi díẹ̀: ọdún mẹ́fà tá a ti jọ ń jẹ tá a jọ ń mu, ó fi irú èyí pa mọ́ fún mi! Ìgbà tó yá ni mo rántí iye ìgbà tí èmi fúnra mi ti sọ fún un pé, "Ìwọ tí o ò tíì bímọ, kí lo mọ̀?" Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, Àáfà ṣe àdúrà, ó sọ̀rọ̀ sétí ọmọ, ó kéde Abdulhameed. Ó wá bèèrè pé, "Orúkọ Yorùbá rẹ̀ ńkọ́?"

Mísbáù wo ìyàwó rẹ̀. Màmá wolẹ̀. Ameenat la ẹnu, "Sún" jáde, ó sì pa ẹnu dé. Ó wo ojú ọmọ náà fúngbà díẹ̀.

"Ìdòwú," ó wí.

Gbogbo orí yí sí i. Mo rò pé Ìyá Khàlíl á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, torí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, ṣùgbọ́n Ìyá Ọláyanjú ṣáájú rẹ̀. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì kí Ameenat, tó lè bí lọ́mọ, bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ ara rẹ̀: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ."

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ láti ọdún méje. Ameenat bú sẹ́kún, àwa obìnrin yòókù sì ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí Ìyá Ọláyanjú ṣe kí i. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ohunkóhun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi ni mo bá a lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ kọ Abdulhameed síbi fáàsì néèmù, ó kọ Ìdòwú síbi mídù néèmù, ó sì bèèrè láìgbójú sókè pé, "Àkọ́bí ni, àbí?"

"Rárá o," Ameenat ní, ó ń tún ọ̀já ọmọ so. "Ẹ kọ ọ́ pé ìkẹta ni."